Gbèsè Tí Mo Jẹ Ọ̀sanyìn: Ohun Tí Koríko Ilẹ̀ Illinois Kọ́ Mi

Mo júbà Olódùmarè, mo júbà Ọ̀rúnmìlà, mo júbà Ọ̀sanyìn tí ó ni ewé, mo júbà Olúwo tí ó kọ́ mi. Kí ìbà ṣẹ.

Ní ojúlé yìí, Odù ni a máa ń tú. A ó gbé ẹsẹ kan kalẹ̀, a ó sọ ẹni tí a dá a fún, a ó sọ ẹbọ tí a ní kí ó rú, a ó sì yọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìtàn ara mi ni mo fẹ́ tú. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé ni ó fà á. Ó bèèrè ibi tí òun ti lè rí ewé ogbó tútù, nítorí pé àwọn elewé ọmọ ní ọjà ìlú rẹ̀ kò ní in mọ́. Mo kọ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí ni pé n kò lè fi òtítọ́ dáhùn ìbéèrè náà láìjẹ́wọ́ ohun kan.

Ìlú kan ní Òkè-Ògùn ni a ti bí mi. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa: igi òrí, igi irúgbá àti koríko bẹẹrẹ ni ó pọ̀ níbẹ̀. Etí odò nìkan ni igbó dídí máa ń wà. Ọ̀kan nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ìdílé wa, igbó Ọ̀sanyìn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí bàbá mi fà mí lé Olúwo lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí n tó mọ bí a ṣe ń di ọ̀pẹ̀lẹ̀ mú, ewé ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí a tó kí ẹnikẹ́ni, Olúwo á ti jí wa pé kí a máa lọ sí igbó. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn ewé kan wà tí a kì í já láìfi owó ẹyọ sí ìdí wọn, àwọn kan sì wà tí a kì í já bí a kò bá kọ́kọ́ pè wọ́n ní orúkọ àbísọ. Bí ọmọdé bá já ewé ju èyí tí a rán an lọ, Olúwo á ní kí ó gbé èyí tí ó ṣẹ́kù padà sí ìdí igi tí ó ti já a, kí ó sì tọrọ àforíjì. Ó máa ń wí fún wa pé ewé tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, kò lè mọ ohùn wa.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ìtàn kan tí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Ifá. N kò ní kọ ẹsẹ rẹ̀; bí Olúwo ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa ní alẹ́ ni n ó ṣe sọ ọ́. Ọ̀rúnmìlà ra ẹrú kan, ó mú un lọ sí oko, ó fún un ní ọkọ́ àti àdá pé kí ó ṣán ilẹ̀. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà padà dé, ó bá ilẹ̀ bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Ó bèèrè ìdí. Ẹrú náà na ọwọ́ sí ewé kan, ó ní èyí ni ó ń wo ibà. Ó na ọwọ́ sí òmíràn, ó ní èyí ni ó ń wo inú rírun. Ó ní èyí ń fúnni lọ́mọ, èyí ń fúnni lówó, èyí ń dá ẹ̀mí dúró. Ó ní èwo ni kí òun wá gé nínú wọn? Ọ̀rúnmìlà kò nà án. Ó mú un wálé, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni Ifá àti ewé kò ti yà mọ́. Ẹrú náà ni Ọ̀sanyìn.

Ohun tí a sábà máa ń yọ nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ewé tí kò níṣẹ́. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó pẹ́ kí n tó rí i. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀, ẹlẹ́rìí ìpín, ni ó pàṣẹ pé kí a ṣán ilẹ̀ náà. Ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n kò tíì wo ohun tí ó wà nílẹ̀ dáadáa. Ohun tí ó gbà á ni pé ó bèèrè ìdí kí ó tó bínú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn, nítorí pé èmi kò bèèrè.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ mi kan tí ó ń gbé ní ẹ̀yìn odi ìlú Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ránṣẹ́ pè mí. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó sì fẹ́ kí n wá dá Ifá ẹsẹ̀ńtayé ọmọ náà. Mo di ewé tútù sínú àpò mi, ṣùgbọ́n ní pápákọ̀ òfurufú wọ́n gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Òfin wọn ni, n kò sì bínú: ilẹ̀ tí ó mọ ewúlẹ̀wà àlejò kò ní jẹ́ kí ewé ilẹ̀ mìíràn wọlé láìwádìí. Ọmọ mi tọ́jú àwọn ewé gbígbẹ díẹ̀, a fi wọ́n ṣe ohun tí ó yẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ilẹ̀ wọn bí ẹni tí ebi ewé ń pa.

Nígbà tí a jáde kúrò ní ìlú, oko ni mo rí títí dé ibi tí ojú dé. Àgbàdo ni ní apá ọ̀tún, ẹ̀wà sóyà ni ní apá òsì, ilẹ̀ sì tẹ́ bí ọpọ́n Ifá. Mo ní, "Ilẹ̀ yìí mà dára o." Ọmọ mi ní, "Bàbá, ilẹ̀ náà dára lóòótọ́. Koríko ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, koríko náà kò sì sí mọ́."

Ó wá ṣe àlàyé fún mi. Ilẹ̀ náà ti jẹ́ ọ̀dàn ńlá rí, èyí tí wọ́n ń pè ní prairie. Ní Illinois nìkan, ó gba nǹkan bí mílíọ̀nù 22 éékà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi orúkọ ọ̀dàn náà ki ìpínlẹ̀ náà títí di òní. Nínú ẹgbẹ̀rún éékà tí ó wà nígbà náà, a kò lè rí ẹyọ éékà kan tí ó ṣì pé bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn koríko rẹ̀ máa ń ga ju ènìyàn lọ. Ọ̀kan wà tí orí rẹ̀ là sí mẹ́ta bí ẹsẹ̀ tòlótòló, big bluestem ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara àwọn koríko yìí wà nínú ilẹ̀, kì í ṣe lókè. Gbòǹgbò wọn a máa wọlẹ̀ ju ìdúró ọkùnrin kan lọ, wọ́n á kú, wọ́n á jẹrà, wọ́n á tún hù, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Bí ilẹ̀ wọn ṣe di dúdú tí ó sì lọ́ràá nìyẹn.

Gbòǹgbò náà le débi pé ohun èlò ìtúlẹ̀ onírin àwọn àgbẹ̀ òyìnbó kò lè là á dáadáa, amọ̀ dúdú a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1837, alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ John Deere, ní abúlé kan ní Illinois, fi ayùn irin líle tí ó ti bàjẹ́ rọ ohun ìtúlẹ̀ tí amọ̀ kì í lẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé alágbẹ̀dẹ ni, mo mi orí. Ògún ni ó ń la ọ̀nà, Ògún kan náà ni ó ń pa ọ̀nà run, ọwọ́ ẹni tí ó di irin mú ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ìran ènìyàn méjì tó kọjá, ọ̀dàn náà ti di oko.

Mo bi ọmọ mi pé níbo ni ìyókù wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lọ́dọ̀ àwọn òkú."

N kò gbà á gbọ́ títí ó fi wa mí lọ síbẹ̀. Ìtẹ́ òkú àtijọ́ kan ni, láàárín oko àgbàdo, kò ju éékà kan lọ. Àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ sin òkú wọn sínú ọ̀dàn kí wọ́n tó tú u, lẹ́yìn náà kò sí ẹni tí ó fẹ́ tú ilẹ̀ lórí bàbá rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìtẹ́ òkú, àti bèbè ojú irin rélùwéè, wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí ọ̀dàn àtètèkọ́ṣe ti yè. Ilẹ̀ ìtẹ́ náà ga ju ilẹ̀ oko tí ó yí i ká lọ, nítorí pé òjò àti afẹ́fẹ́ ti gbé ilẹ̀ oko lọ díẹ̀díẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi. Mo ka oríṣi ewé 34 kí ẹsẹ̀ mi tó rẹ̀ mí. Mo rí ọ̀kan tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ etí sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn ọ̀sán má ba à jó o. Compass plant ni orúkọ tí wọ́n fún un, nítorí pé arìnrìn-àjò lè fi í mọ ọ̀nà. N kò mọ orúkọ àbísọ kankan nínú gbogbo wọn. Mo dúró láàárín wọn bí ẹni tí ó wọ ààfin tí kò mọ oríkì ọba.

Nígbà náà ni igbó bàbá mi wá sí ọkàn mi. N kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ọmọ mi mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dá ọ̀dàn náà padà. Midewin ni wọ́n ń pè é, ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Chicago, ó sì lé ní 18,000 éékà. Kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnì kan tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ni ìjọba kọ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1942, ìbúgbàmù kan pa ènìyàn 48 níbẹ̀. Àwọn àká tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ṣì wà níbẹ̀, wọ́n rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, koríko sì ti bo orí wọn. Ní ọdún 1996 ni wọ́n sọ ilẹ̀ náà di ọ̀dàn ìjọba àpapọ̀. Mo bèèrè ìtumọ̀ orúkọ náà. Ọmọ mi ní láti inú èdè àwọn Potawatomi ni, àwọn onílẹ̀ àtijọ́, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn wọn ni. Mo ṣí fìlà mi. Ilẹ̀ tí a ti fi rọ ohun ìpànìyàn, orúkọ àwọn adáhunṣe ni wọ́n fi tún un sọ.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni kíkó irúgbìn. Ìgbà ìwọ́wé ni. Wọ́n fún olúkúlùkù ní garawa, wọ́n fi koríko kan hàn wá, wọ́n ní ìyẹn nìkan ni kí a máa kó. Ọwọ́ ni a fi ń fà á. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kó gbogbo irúgbìn tí ó wà ní ojú kan tán, kí ewé náà lè rí èyí tí yóò fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ohùn Olúwo mi ni mo gbọ́ níbẹ̀, láti ẹnu òyìnbó tí kò mọ̀ pé a ti bí Olúwo rí.

Bí a ṣe ń kó o, ẹni tí ó ń darí wa ń ṣe àlàyé, ọmọ mi sì ń túmọ̀. Wọ́n á gbẹ irúgbìn náà, wọ́n á po oríṣiríṣi rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fọ́n ọn sí ilẹ̀ ní ìgbà òtútù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè hù àfi bí yìnyín bá kọ́kọ́ fìyà jẹ wọ́n. Ní ọdún kìíní, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé iṣẹ́ náà ti bàjẹ́: èpò nìkan ni yóò rí, ewé gidi kò ju ìka ọwọ́ lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń kọ́lé sí. Ó lè di ọdún kẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òdòdó tó yọ. Mo ní kí ọmọ mi sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ Awo ṣe ń rí. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, omi ni ó ń pọn, ilé ni ó ń gbá. Ará ilé rẹ̀ á ní kò kọ́ nǹkan kan.

Ní ọ̀sán, a rí ẹfọ̀n wọn láti òkèèrè. Láyé àtijọ́, àìmọye mílíọ̀nù ẹfọ̀n ni ó ń jẹ koríko ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó fi máa di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìbọn ti pa wọ́n débi pé ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù. Ní ọdún 2015 ni wọ́n dá díẹ̀ padà sí Midewin. Koríko ni wọ́n fẹ́ràn láti jẹ jù, èyí sì ń jẹ́ kí àwọn ewé olódòdó rí ààyè. Ẹfọ̀n wọn kì í ṣe ẹfọ̀n tiwa, ìwo rẹ̀ kúrú, irun sì bo iwájú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀kan gbé orí sókè, ẹnu mi ti kí i kí n tó mọ̀: Èèpà, Ọya!

Ohun méjì ni mo bá ara mi jiyàn lé lórí ní ọjọ́ náà. Àkọ́kọ́ ni iná. Wọ́n máa ń dáná sun ọ̀dàn náà fúnra wọn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé ní ilé, iná ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀tá igbó. Wọ́n ṣàlàyé pé ní Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀dàn gbìn láti ọdún 1935, koríko àlejò fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohun tí wọ́n gbìn. Ní àwọn ọdún 1940, John Curtis dán iná wò, ó sì rí i pé iná ni koríko onílé ti ń dúró dè: ojú ìhù rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, iná kò lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jó igi àti koríko àlejò. Àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ti mọ èyí kí òyìnbó tó dé. Àwọn ni wọ́n ń dáná sun ọ̀dàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iná náà wá sí igbó òrìṣà. Ohun tí ó jẹ́ oògùn fún ọ̀dàn jẹ́ ikú fún igbó. Àní níbẹ̀ pàápàá, wọ́n á wo afẹ́fẹ́, wọ́n á wo bí ilẹ̀ ṣe tutù tó, wọ́n á ro ààlà iná, omi á wà nítòsí. Iná tí kò ní àwòrò, jàǹdùkú ni.

Èkejì ni èpò. Wọ́n ń fa àwọn ewé kan tu láìṣàánú, àwọn ewé tí ó ti ilẹ̀ mìíràn wá. Mo bi ara mi pé, ṣé Ọ̀sanyìn yóò gbà? Ọ̀sanyìn tí kò lè gé ewé kan ṣoṣo? Mo gbé ìbéèrè náà wálé, mo sì ń rò ó títí. Ní ilé, ewé kan wà tí ó ti òkè òkun wá, tí ó bo gbogbo oko àti igbó tí a bá ti ṣán: ewé Akíntọ́lá ni àwọn kan ń pè é, àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀ ni. Ó dára fún ọgbẹ́. Bí àdá bá bù wá, òun ni a ń fún sí i kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ṣé kí a fà á tu? Ìdáhùn tí mo rí ni èyí: Ọ̀sanyìn kọ̀ láti gé ewé nítorí pé gbogbo wọn wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ewé kan tí ó bo ọgọ́rùn-ún mọ́lẹ̀ ti gé ọgọ́rùn-ún. Àlejò ní àga nínú ilé wa, ṣùgbọ́n kì í gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé. Ẹni tí ó fà á sẹ́yìn kí ìyókù lè mí, iṣẹ́ Ọ̀sanyìn ni ó ń ṣe.

Ohun kan ń dùn mí síbẹ̀. Koríko ń padà bọ̀, àwọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1833, ní Chicago, wọ́n mú kí àwọn Potawatomi fọwọ́ sí ìwé tí ó gba ìyókù ilẹ̀ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá odò Mississippi. Wọn kò parun. Àwọn kan wà ní Kansas, àwọn kan wà ní Oklahoma. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gba 130 éékà ní Illinois sí ìpamọ́ fún ẹ̀yà Prairie Band Potawatomi. Àwọn ni ẹ̀yà àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ mọ̀ tí ilẹ̀ padà bọ́ sí lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn náà, ó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí ìyá bá padà dé ilé tí ọmọ wà. Ewé láìsí orúkọ, oúnjẹ ẹran ni. Orúkọ láìsí ewé, ariwo ẹnu ni.

Ó kù kí n sọ èyí tí mo ti ń sá fún.

Igbó Ọ̀sanyìn ìdílé wa jẹ́ nǹkan bí éékà mẹ́fà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn tí Olúwo papòdà, àgbà ìdílé wa kan kú, a sì fẹ́ ṣe òkú rẹ̀ kí ó dún. Ẹnì kan wá láti ìlú ńlá, ó fẹ́ ra éékà mẹ́rin nínú igbó náà. Àwa mẹ́rin ni a tẹ ìka sí ìwé. Èmi ni ẹnì kẹta. Bí mo bá ti sọ pé Ifá kò gbà, kò sí ẹni tí ì bá tẹ ìka. Èmi ni Awo ìdílé, ikin wà nínú yàrá mi, n kò sì dá Ifá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà mí láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé mo máa ń wí pé kí ẹ má ṣe dáwọ́ lé ohun ńlá láìbèèrè. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ ohun tí Ifá yóò wí, ìdí nìyẹn tí n kò fi bèèrè.

A pa màlúù, a ra aṣọ ẹbí, a pe onílù. Ní oṣù kejì, katakata wọ inú igbó. Odò tí ó wà níbẹ̀ ń gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn báyìí. Ewé ogbó kò lè dá dúró, igi ni ó ń gùn. Nígbà tí igi lọ, òun náà lọ. Ní ìtẹ̀fá kan tí mo ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ Awo mi kan rìn láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́ kí ó tó rí ogbó tí kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e fún mi, kò bèèrè ohunkóhun. Mo gbà á, n kò lè wò ó lójú. Ní Illinois, àwọn òkú ni wọ́n ṣọ́ koríko. Nítorí òkú ni èmi fi ta igbó.

Nígbà tí mo padà dé láti Amẹ́ríkà, mo dá Ifá tí mi ò dá ní ọjọ́ náà. Ohun tí ó wí, láàárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi ni. Mo rú ẹbọ tí ó ní kí n rú. Lẹ́yìn náà mo pe ìdílé jọ, mo sì jẹ́wọ́ níwájú àwọn ọmọdé. Éékà mẹ́rin ti lọ. Ilé wà lórí rẹ̀, ẹni tí ó rà á kò sì jà wá lólè. Éékà méjì ni ó kù. A kò ta á, a kò sì ní ta á. A fi pèrègún sọ ààlà rẹ̀. A fi òfin dè é: a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í dáná, a kì í dẹ ẹran. Bí òfin bẹ́ẹ̀ ṣe lè mú igbó yè, ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn olùsìn Ọ̀ṣun àti oníṣẹ́-ọnà ìlú náà dúró tì í nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n gé e tán. Lónìí, nǹkan bí 75 hẹ́kítà ni, láti ọdún 2005 ni UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé.

Iṣẹ́ wa kò gbayì. A ń fa ewé Akíntọ́lá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, a ń dín in kù láti etí igbó lọ sí inú. Àwọn kùkùté kan tí a rò pé ó ti kú ti sọ, nítorí pé gbòǹgbò kò gbọ́ nígbà tí a tẹ ìka. Àwọn Awo ìlú mẹ́ta ti fún wa ní irúgbìn àti ẹ̀ka. Mo ń kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ Awo, èyí tí ó yẹ ní kíkọ. Èyí tí kò yẹ ní kíkọ, mo ń fi í sí wọn lẹ́nu ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nínú igbó náà gan-an, bí a ṣe fi í sí èmi náà lẹ́nu.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi tí o bèèrè ewé ogbó, ìdáhùn rẹ nìyí. Kò sí lọ́wọ́ mi lónìí. Okùn mẹ́ta ni ó wà ní igbó wa, èyí tí ó gùn jù nínú wọn ti dé èjìká mi. A kò tíì já ewé kankan lára wọn. Fún wa ní ọdún mẹ́ta. Nígbà náà, wá fúnra rẹ, wá ní òwúrọ̀, má kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. N ó fi ibi tí ó wà hàn ọ́, n ó sì kọ́ ọ ní orúkọ rẹ̀. Bí n kò bá sí, àwọn ọmọ tí ó gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi á wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù, bí igbó bá wà ní ìdílé yín, tí wọ́n sì gbé ìwé wá, ẹ dá Ifá kí ẹ tó tẹ ìka.

Kí Ọ̀sanyìn má ṣe gbàgbé wa. Kí ewé má ṣe sé mọ́ wa lọ́wọ́, kí orúkọ rẹ̀ má ṣe sé mọ́ wa lẹ́nu. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè.